Fájuyì, Kí Ó Tó Di Ọjọ́ Lálúpon

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn kò lè sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ Fájuyì rí. Títì Fájuyì wà láàárín ìgboro, lápá Adamásìngbà. Bárékè ńlá tó wà ní Odogbo, lápá Òjóò, níbi tí olú iléeṣẹ́ Division Kejì àwọn ọmọ ogun wà, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí ẹ bá wá bi ènìyàn mẹ́wàá pé ta ni Adékúnlé Fájuyì, mẹ́sàn-án á dáhùn pé: "Gómìnà tó bá àlejò rẹ̀ kú ni."

Wọn ò parọ́: ní 1966, Ironsi, olórí ìjọba ológun, dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì ní Lálúpon. Àmọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Ọdún 23 ni ọkùnrin yìí fi wọṣọ sọ́jà, gómìnà tó sì ṣe kò pé oṣù méje. Sọ́jà yẹn gan-an la fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, torí mo gbà pé ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tó ti ṣe ṣáájú kò lè mọ irú ẹni tí wọ́n pa.

Adó-Èkìtì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1926. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé, kó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà. Kì í ṣe ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ló wà, àwọn tó ń fi rédíò àti wáyà gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lójú ogun. Ọmọ tó mọ̀wé ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tó fi di sájẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ kan wá ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn sọ́jà ẹ̀ka rẹ̀ bínú nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn, wọ́n sì fẹ́ dìtẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ológun ìgbà yẹn, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gá. Sájẹ́ǹtì ló wà láàárín: oúnjẹ kan náà lòun àtàwọn ọmọ ogun jọ ń jẹ, òun náà sì ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù bí nǹkan bá bàjẹ́. Fájuyì wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1951, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ British Empire Medal nítorí rẹ̀. Kò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ. Àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ti ojú ogun wá rárá, pípa iná ìjà láàárín àwọn tirẹ̀ ló mú un wá.

Ní 1954, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Eaton Hall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun láti di ọ̀gá. Oṣù díẹ̀ ló lò níbẹ̀, ó sì padà di ọ̀gá láàárín àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn díẹ̀. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Ọkọ̀ òfuurufú lè ju bọ́ǹbù kó lọ, àgbá lè yìn láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ ló máa wọ ìlú, òun ló máa dúró sí oríta, òun ló máa sùn sínú kòtò. Bàtálíọ̀nù kan jẹ́ ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rin ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á pín in sí kọ́mpìnì, bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lé díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mejọ̀ ló máa ń darí kọ́mpìnì, ó sì máa ń mọ ojú àwọn ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Nàìjíríà gba òmìnira ní oṣù kẹwàá 1960. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ogun wa ti wà ní Congo, lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, torí orílẹ̀-èdè yẹn ti ń fọ́, agbègbè Katanga sì ti ní òun ò bá wọn ṣe mọ́. Bàtálíọ̀nù kẹrin wà lára àwọn tó lọ, Mejọ̀ Fájuyì ló sì ń darí kọ́mpìnì C nínú rẹ̀. Ní 1961, ní àríwá Katanga, wọ́n bọ́ sínú ibùba.

Ohun tó ń jẹ́ ibùba rèé: ẹ ń lọ lójú ọ̀nà, igbó wà lọ́tùn-ún lósì, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójijì láti ibi tí ẹ ò rí. Bí ẹ bá sá gììrì, ẹ̀yìn yín ni wọ́n máa yìn. Bí ẹ bá dúró gbagidi, wọ́n á pa yín tán níbẹ̀. Ọ̀gá ní láti mọ ibi tí ìbọn ti ń wá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó yan àwọn tó máa yìnbọn padà, kó sì máa kó àwọn yòókù jáde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó fara gbọta. Bí ọ̀gá bá gbọ̀n, gbogbo kọ́mpìnì á gbọ̀n. Fájuyì kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Wọ́n fún un ní Military Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà lójú ogun. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí Nàìjíríà nígbà náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àmì ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un.

Nígbà tó ti Congo dé, ó di ọ̀gá bàtálíọ̀nù kìíní ní Enugu. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Bó ṣe dé Abẹ́òkúta ni nǹkan dàrú ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, 1966.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ìbàdàn mọ ohun tí ojú ìlú yìí ti rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìdìbò 1965, wẹtìẹ̀ tí wọ́n ń bu bẹntiróò sí ènìyàn àti ilé, ilé tó ń jó, ènìyàn tó ń jó. Àwọn ológun tó dìtẹ̀ pa Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, níbí ní Ìbàdàn, wọ́n pa Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, wọ́n pa Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá. Ironsi gba ìjọba, ó sì fi Fájuyì ṣe gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé ìjọba ní Agodi ló ń gbé.

Ní ìparí oṣù keje, Ironsi wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọba alayé láti gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ṣèpàdé. Ọ̀dọ̀ Fájuyì ló dé sí. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 29, ìdìtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta, kò sì pẹ́ tí sọ́jà fi yí ilé ìjọba Agodi ká. Mejọ̀ Danjuma ló ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ ogun bàtálíọ̀nù kẹrin tó wà ní Ìbàdàn ló wà pẹ̀lú rẹ̀.

Bàtálíọ̀nù kẹrin. Èyí tí Fájuyì bá lọ sí Congo. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ wà ní Katanga o. Ọdún márùn-ún ti kọjá, sọ́jà ti wọlé, sọ́jà ti jáde. Wọ́n sì ní ọgbẹ́ tiwọn lọ́kàn: Largema, ọ̀gá bàtálíọ̀nù wọn, wà lára àwọn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ oṣù kìíní pa ní Èkó. Mi ò fi èyí dá ẹnikẹ́ni láre. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ́dún náà.

Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí títí dòní wá nìyí. Àwọn kan ní Fájuyì sọ pé bí wọ́n bá máa mú àlejò òun, kí wọ́n mú òun náà. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti ní in lọ́kàn láti mú un tẹ́lẹ̀, torí wọ́n fura pé ó mọ̀ nípa ìdìtẹ̀ oṣù kìíní. Mo ti gbọ́ ìjiyàn yìí níbi ìsìnkú, níbi ìgbéyàwó, nínú mọ́tò. Èrò tèmi ni pé kò yí ohun tó ṣe pàtàkì padà. Ó jáde sí àwọn sọ́jà tó dìhámọ́ra, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe láàárín àwọn tí ebi ń pa kó tó di 1951 náà nìyẹn: ó bọ́ sí àárín. Ti ọ̀tẹ̀ yìí ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Wọ́n gbé òun àti Ironsi gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n kó wọn wọ igbó ní Lálúpon, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Fájuyì ti pé ogójì ọdún ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba dákẹ́. Èyí ló máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ti fi Robert Adébáyọ̀ jókòó sípò gómìnà ní Ìbàdàn, síbẹ̀ wọn ò kéde fún aráàlú pé ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú. Oṣù kẹjọ kọjá, oṣù kẹsàn-án kọjá, Kérésìmesì kọjá. Ìyàwó wà nílé, àwọn ọmọ wà nílé, ọ̀rọ̀ ń lọ lábẹ́lẹ̀ káàkiri ìlú. Oṣù kìíní 1967, lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọ̀gá ológun Nàìjíríà ní Aburi ní Ghana, ni ìjọba Gowon, ẹni tó gba ipò Ironsi, tó kéde ikú wọn. Wọ́n wá sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì ní oṣù náà, pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín bá ṣe sọ́jà láyé ìgbà náà, yálà ní bárékè Mókọ́lá ní Ìbàdàn, ní Enugu tàbí ní Congo, tí wọ́n ṣì wà láàyè, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n bí Fájuyì ṣe máa ń bá sọ́jà tó jẹ̀bi sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, iye máìlì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn, àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí ìbọn dún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó.