Bí Òṣùpá Ṣe Ń Tan Aurora Sójú Jupiter àti Saturn

Ẹ wo àwòrán yìí dáadáa. Ìpẹ̀kun àríwá Jupiter nìyí, bí awò awọ̀nàjíjìn Hubble ṣe yà á nínú ìtànṣán ultraviolet tí ojú lásán kò lè rí. Òrùka ìmọ́lẹ̀ ńlá yẹn ni aurora, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn lójú òfuurufú nítòsí ìpẹ̀kun pílánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa, ẹ gbójú kúrò lára òrùka náà. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, lápá ibi tó kọjú sí agbedeméjì pílánẹ́ẹ̀tì. Àmì kékeré kan ń tàn yòò níbẹ̀, ó sì ní ìrù gígùn.

Wákàtí mẹ́wàá kò pé tí Jupiter fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, òrùka ńlá yẹn sì ń bá a yí. Àmì kékeré yìí kì í bá a yí. Òṣùpá kan tó wà ní nǹkan bí 420,000 kìlómítà sí Jupiter ló ń tẹ̀ lé. Io ni wọ́n ń pe òṣùpá ọ̀hún, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ ń wò yẹn.

Ní Ayé tiwa, oòrùn ló ni aurora. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ara oòrùn ló ń ru agbára òòfà Ayé sókè, òṣùpá wa kò sì dá sí i. Ti Io yàtọ̀ pátápátá. Jupiter ń fà á, Europa àti Ganymede, òṣùpá Jupiter méjì míì, náà ń fà á, fífà yìí sì ti mú kí inú rẹ̀ gbóná débi pé òkè ayọnáyèéfín tí wọ́n ti rí lára rẹ̀ lé ní 400. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ohun tó wá láti inú gáàsì imí ọjọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ sínú agbára òòfà Jupiter. Àwọn electron tó ti wà níbẹ̀ á kọlu átọ́ọ̀mù wọ̀nyí, wọ́n á gba electron lára wọn, gáàsì náà á di plasma tó lè gbé iná mànàmáná.

Gáàsì tó bá ti di plasma kò lómìnira mọ́. Agbára òòfà Jupiter á gbé e, á máa fi í yí po pẹ̀lú ara rẹ̀. Níbi tí Io wà, plasma yẹn ń sáré 74 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Io fúnra rẹ̀ sì ń lọ ní 17 péré. Ìdí nìyí tí plasma fi ń ti ẹ̀yìn lé Io bá, tó sì ń gbá a kọjá ní 57 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ọkàn sí 57 yìí, òun ló bí gbogbo ìyókù.

Dáínámò kẹ̀kẹ́ ń tan iná nítorí pé òòfà ń kọjá lára wáyà. Níhìn-ín, Io ló dúró bíi wáyà, agbára òòfà Jupiter ló sì ń kọjá. Iná tó ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ kan Io sí èkejì tó nǹkan bí 400,000 fóòltì, èyí tó ń ṣàn sì wọ mílíọ̀nù áńpíà. Kò dúró sọ́dọ̀ Io. Ó ń gba ojú ìlà òòfà lọ sí àríwá àti gúúsù Jupiter gẹ́gẹ́ bí ìgbì tí wọ́n fi orúkọ Hannes Alfvén, onímọ̀ físíìsì ará Sweden, pè. Nítòsí Jupiter, ìgbì náà á ti àwọn electron sáré, wọ́n á já lu háídírójìn ojú òfuurufú rẹ̀, ibẹ̀ á sì tàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwòrán àlàyé ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á fa ìlà tààrà láti ara Io dé ìpẹ̀kun Jupiter, wọ́n á fi àmì síbẹ̀. Ìgbì Alfvén ń falẹ̀ níbi tí plasma bá ti ki. Kó tó dé ìsàlẹ̀, Jupiter ti gbé ìlà òòfà náà síwájú, àmì á sì bọ́ síwájú ibi tí ìṣirò tààrà fi í sí. Òmíràn tún wà. Agbára òòfà Jupiter dagun ní nǹkan bí ìwọ̀n (degree) 10, nítorí náà Io máa ń bọ́ sókè àti sísàlẹ̀ àárín plasma. Bó bá wà lápá àríwá, ìgbì tó ń lọ sí àríwá á yára dé, ti gúúsù á pẹ́. Àwọn electron tí ìgbì àríwá tì á tún sáré gba ìlà òòfà náà lọ sí gúúsù, wọ́n á sì dé ibẹ̀ ṣáájú ìgbì gúúsù gan-an. Nítorí náà, ẹni tó bá rí àmì méjì tàbí mẹ́ta fún Io kan ṣoṣo, kó má rò pé awò òun ló bàjẹ́.

Ọdún 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ojú ẹsẹ̀ Io, pẹ̀lú awò infrared tó wà ní Mauna Kea ní Hawaii. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n wo Jupiter nínú ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 3.4 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà), níbi tí mẹ́ténì ojú òfuurufú rẹ̀ ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ oòrùn mì. Pílánẹ́ẹ̀tì á dúdú, aurora nìkan á ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn náà Hubble rí ti Ganymede àti Europa. Callisto, òṣùpá ńlá kẹrin, ló da àwọn onímọ̀ láàmú jù, torí pé ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ bọ́ sórí òrùka ńlá gan-an, òrùka náà sì mọ́lẹ̀ ju òun lọ fíìfíì. Ní September 2019, òrùka náà ṣí kúrò lọ sí apá agbedeméjì, Juno, ọkọ̀ òfuurufú NASA tó ń yí Jupiter po, sì ń kọjá lásìkò yẹn gẹ́lẹ́, ó sì rí ojú ẹsẹ̀ Callisto. Ọdún 2025 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Io tún lọ́wọ́ nínú òrùka ńlá náà. Plasma rẹ̀ ń rọra lọ síta. Bó ṣe ń jìnnà sí i ni Jupiter ń tiraka láti mú un sáré bá òun, ìtiraka yẹn sì ń fa iná lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Juno ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà díjú ju bí ìwé àtijọ́ ti kọ ọ́, àmọ́ Io ṣì ni olórí olùpèsè plasma náà.

Ti Saturn kéré. Enceladus, òṣùpá yìnyín tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 504 kìlómítà, ń tú omi jáde láti ìpẹ̀kun gúúsù rẹ̀. Cassini, ọkọ̀ òfuurufú tó yí Saturn po nígbà náà, rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú Saturn nínú àwòrán ọdún 2008. Ó máa ń mọ́lẹ̀, ó máa ń ṣú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì hàn rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ Io fúnra rẹ̀ lè ṣe é láìní awò, nítorí iná kan náà ló ń dá ariwo rédíò sílẹ̀. Ẹ wá rédíò tó lè gba 20.1 MHz. Ẹ na wáyà méjì tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà mẹ́ta àbọ̀, ẹ so okùn rédíò mọ́ àárín wọn, ẹ gbé e sókè tó mítà mẹ́ta ó kéré tán. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, nígbà tí Jupiter bá wà lókè. Ẹ pa AGC rédíò náà (ohun tó ń dín ohùn tó bá lágbára kù fúnra rẹ̀), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tẹ ariwo náà pẹlẹbẹ, ẹ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun kọjá. Ẹ pa inverter, ṣájà fóònù àti gílóòbù LED, torí ariwo tiwọn ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù.

Ariwo náà kì í fọ́n ká síbi gbogbo. Ó ń jáde bíi kóònù tí inú rẹ̀ ṣófo, ẹ̀gbẹ́ kóònù náà ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí wa. Ẹ máa ka ìwọ̀n (degree) ibi tí Io dé bó ṣe ń yí Jupiter po, láti ìgbà tó bá wà lẹ́yìn Jupiter gan-an: nítòsí ìwọ̀n 90 àti 240 ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Èyí tó ń ru bí ìgbì òkun, L ni wọ́n ń pè é, èyí tó ń ta pàrà-pàrà láàárín ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá sì ni S. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ S nígbà tí Io wà ní 90, ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.