Àwọn Tí Kò Jẹ́ Kí Tiki Parun: Àjọ̀dún, Ọtí àti Ère Nílẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ẹ kò ráyè wá.

Àwùjọ kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn ní olólùfẹ́ tiki, ìyẹn àṣà ilé ọtí àti ilé oúnjẹ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bí erékùṣù Òkun Pàsífíìkì, pẹ̀lú ère onígi. Lọ́dọọdún, wọ́n á kóra jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Wọ́n á wọ ẹ̀wù olódòdó aláràbarà, wọ́n á fi ife amọ̀ tó ní ojú, imú àti eyín bí ère mu ọtí, wọ́n á sì máa gbọ́ orin tó gbòde nígbà tí àwọn òbí wọn àgbà wà lọ́mọge. Ẹni tó bá rí wọn lókèèrè á ní eré ọmọdé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kan ti fẹ́ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n wọ sàréè, àwọn aláriwo wọ̀nyí ló fà á padà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1933, ìjọba Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó ti ka ọtí léèwọ̀ fún bí ọdún mẹ́tàlá. Láìpẹ́ sígbà náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ernest Gantt ṣí ilé ọtí kótópó kan sí Hollywood, ó pè é ní Don's Beachcomber. Gantt ti rìn kiri erékùṣù Kàríbíánì àti ti Òkun Pàsífíìkì. Ó fi ọparun, àwọ̀n apẹja àti àwọn nǹkan tó kó jọ lójú ọ̀nà ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Rọ́ọ̀mù pọ̀ lọ́jà nígbà náà, kò sì wọ́n, nítorí náà rọ́ọ̀mù ló ń tà. Ṣùgbọ́n kì í tà á lóun nìkan. Á po ti Jàmáíkà mọ́ ti Kúbà, á fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á tún fi oyin tàbí omi ṣúgà àti èròjà olóòórùn sí i, títí tí ẹni tó ń mu ún kò fi ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Ọ̀kan nínú wọn, Zombie, le débi pé wọn kì í ta ju méjì lọ fún oníbàárà kan. Orúkọ ilé ọtí yìí wọ Gantt lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi pa orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ dà lábẹ́ òfin, ó di Donn Beach.

Ní 1934, Victor Bergeron náà ṣí tirẹ̀ sí Oakland. Nígbà tó rí ohun tí Donn Beach ń ṣe, ó tún ilé rẹ̀ ṣe, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Trader Vic's. Mai Tai tí òkìkí rẹ̀ kàn kárí ayé, òun ló pò ó ní 1944. Nígbà tó yá, Ogun Àgbáyé Kejì parí. Àwọn ọmọ ogun tó ti ja ogun ní Pàsífíìkì padà wálé tàwọn ti ìtàn. Ní 1947, Thor Heyerdahl ará Norway jókòó sórí ìtì igi tí wọ́n so pọ̀, ó gba orí òkun láti Peru dé erékùṣù Polinéṣíà. Ní 1959, Hàwáì di ìpínlẹ̀ àádọ́ta Amẹ́ríkà. Bó ṣe di pé ilé oúnjẹ, ilé ìtura àti ilé àwọn ayálégbé pàápàá gbé ère onígi sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni bó ṣe wó lulẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú afẹ́ yìí ti ka gbogbo rẹ̀ sí àṣà àwọn àgbà tí kò mọ ohun tó ń lọ. Ogun Vietnam ti jẹ́ kí igbó àti ọparun máa rán wọn létí ohun mìíràn. Wọ́n ń ti àwọn ilé náà pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ilé oúnjẹ Kahiki yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ṣí ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1961. Òrùlé rẹ̀ ga fíofío. Ère ńlá méjì tó dà bí ti erékùṣù Rapa Nui ní Pàsífíìkì dúró sẹ́nu ọ̀nà, iná ń jó lórí wọn. Nínú ilé, wọ́n fi orí ère kan tó ga ṣe ààrò, ẹnu rẹ̀ ni iná ti ń jó. Òjò àtọwọ́dá ń ṣàn lára fèrèsé bí èèyàn ṣe ń jẹun lọ. Ní 1997, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ilé ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 2000, wọ́n wó o, wọ́n sì fi ilé ìtajà oògùn rọ́pò rẹ̀. Ìwé yẹn ń bu ọlá fún ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára láti di ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí Kahiki tó wó. Láti 1995, Otto von Stroheim ti ń tẹ ìwé ìròyìn pélébé kan jáde ní Kalifọ́níà, Tiki News. Sven Kirsten, ọmọ Jámánì tó ń ya fíìmù ní Los Angeles, ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń ya fọ́tò ohun tó kù, ó ń ṣa káàdì oúnjẹ àti páálí ìṣáná jọ láti ọjà àlòkù. Ìwé rẹ̀ jáde ní 2000. Ní 2001, von Stroheim pe àjọ̀dún Tiki Oasis sí Caliente Tropics ní Palm Springs, ilé ìtura tó ti wà láti 1964. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó gbé e lọ sí San Diego. Ní 2002, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Hukilau ní Atlanta, ọdún kejì ni wọ́n gbé e lọ sí Fort Lauderdale ní Flọ́rídà. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ọtí wà, a kì í fi ìyẹn pamọ́. Orin wà, pàápàá irú èyí tí Martin Denny ṣe, tí àwọn tó ń lu ìlù fún un ń han bí ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ láàárín orin. Ọjà wà níbi tí wọ́n ti ń ta ife amọ̀, àlòkù àti tuntun. Àwọn kan ń pọn ife wọ̀nyí lé bí ẹni ń pọn wúrà. Wọ́n á yí ìsàlẹ̀ ife sókè láti wo àmì ẹni tó ṣe é kí wọ́n tó bèèrè iye rẹ̀. Agbẹ́gilére náà wà, tó ń fi ayùn onímọ́tò àti irin ìgbẹ́gi gbẹ́ ìtì ọ̀pẹ ní gbangba, tí ìdọ̀tí igi ń fò káàkiri. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà. Wọ́n á jókòó sínú yàrá, ẹnì kan á dúró níwájú wọn pẹ̀lú fọ́tò lára ògiri, á ṣàlàyé ẹni tó ya ilé kan, tàbí bí wọ́n ṣe po ọtí kan ní 1937.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi 1937 yẹn. Donn Beach kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rù pé àwọn òṣìṣẹ́ òun á kó àṣírí òun lọ fún ẹlòmíì, nítorí náà ó ṣí àmì kúrò lára ìgò, ó fi nọ́ńbà àti orúkọ bòókẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń po ọtí mọ̀ pé òun ní láti bu díẹ̀ nínú èyí àti díẹ̀ nínú tọ̀hún, kò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Nígbà tí àwọn ilé náà kógbá wọlé, Zombie tòótọ́ bá wọn lọ. Ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ rẹ̀ káàkiri ayé di omi èso aláró tí wọ́n da ọtí lé lórí.

Òǹkọ̀wé kan, Jeff Berry, ló lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí ìwé ìkọ̀wé kékeré kan tí Dick Santiago, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé Donn Beach, ti kọ nǹkan sí ní 1937. Ọmọ Santiago ló gbé e fún un. Zombie wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń fi pò ó ni "Don's Mix", ìwé náà kò sì túmọ̀ rẹ̀. Berry wá àwọn àgbà tó ti bá Donn Beach ṣiṣẹ́ kiri. Wọ́n ní omi ọsàn gírépù ni, pẹ̀lú "Spices #4". Kí wá ni Spices #4? Ó tún wá a lọ, títí tó fi débi pé omi ṣúgà tí wọ́n fi sínámọ́nì sè ni. Ìdá méjì gírépù, ìdá kan omi ṣúgà onísínámọ́nì. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007, láti ìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá wù ti lè po Zombie bó ṣe yẹ kó rí.

Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí àwọn tó mọ àṣírí náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ Filipínì. Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso Filipínì nígbà náà, láti 1898, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibẹ̀ lè wọ Kalifọ́níà wá ṣiṣẹ́, oko àti ilé ìdáná ló sì gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n po ọtí tó sọ ẹlòmíì di olówó, orúkọ wọn kò sí lára páálí kankan. Lórí pèpéle àjọ̀dún wọ̀nyí ni wọ́n ti wá ń pe orúkọ wọn síta: Ray Buhen, Mariano Licudine, àti irú Santiago yìí. Bí kò bá sí ohun mìíràn tí àwọn olólùfẹ́ tiki ṣe ju èyí lọ, mo ti kí wọn kú iṣẹ́.

Àríyànjiyàn wà o, kò sì kéré. Àwọn ère tí wọ́n sọ di ife, òrìṣà ẹlòmíì ni àwòkọ́ṣe wọn. Kū jẹ́ ọ̀kan nínú òrìṣà ńlá Hàwáì. Ní 1819, ọba Liholiho fòpin sí èèwọ̀ àtijọ́, ó sì pàṣẹ kí wọ́n sun àwọn ère, ọdún kan kí àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀. Irú ère Kū ńlá ti tẹ́ḿpìlì tó kù láyé kò ju mẹ́ta lọ: ọ̀kan ní Honolulu, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Salem ní Massachusetts. Wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí Bishop Museum ní Honolulu ní 2010. Ní 1893, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Ọbabìnrin Liliʻuokalani. Ní 1898, Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà. Ẹni tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ sí ìdílé rẹ̀, tó wá rí Kū tí wọ́n fi ọ̀pá ìfamu gún lórí, ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú, àwọn ọmọ Pàsífíìkì sì ń sọ ọ́ jáde.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní àwọn ọdún 1940, nígbà tí tiki ń gbilẹ̀, Desi Arnaz, ọmọ Kúbà, ń lu kọ́ńgà ní ilé ijó Amẹ́ríkà, ó ń pariwo "Babalú". Margarita Lecuona ló kọ orin náà. Àwọn tó ń jó sí i nínú aṣọ olówó ńlá kò mọ̀ pé Ọbalúayé ni wọ́n ń pè, òrìṣà tí àwọn èèyàn wa gbé kọjá òkun nínú ìdè, tí wọ́n tún ń bọ ní Kúbà títí dòní. Inú oko ìrèké ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, ìrèké yẹn ni wọ́n sì ń fi ṣe rọ́ọ̀mù. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Hàwáì bá ń ráhùn, a kì í ṣe àlejò nínú ẹjọ́ yẹn.

Èmi ò ní sọ pé kí wọ́n fọ́ gbogbo ife. Ohun tí mo ń bèèrè ni òótọ́. Iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni tiki, àlá tí wọ́n lá nípa òkun tí ọ̀pọ̀ wọn kò dé. Àwọn tó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Kirsten kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Àjọ̀dún tó bá ń sọ̀rọ̀ Hàwáì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ Hàwáì sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó sì sanwó fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe ń sanwó fún agbẹ́gilére àti olórin.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ìdí tí Hukilau fi lọ sí Fort Lauderdale. Mai-Kai ni, ilé oúnjẹ tiki kan níbẹ̀. Àwọn Thornton, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ṣí i ní ìparí ọdún 1956. Wọ́n fa Licudine wá láti ọ̀dọ̀ Donn Beach, ó sì mú ohun tó wà lórí rẹ̀ wá. Omi ń já láti òkè àpáta nínú ọgbà, iná ń jó, àwọn oníjó ń jó lálaalẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Láti 2003 lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àlejò àjọ̀dún fi ń rọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n ń mu, wọ́n ń ra nǹkan, wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀, nígbà tí àwọn ilé bíi tirẹ̀ ń wó. Ní 2014, ó wọ ìwé àwọn ilé ìtàn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, òrùlé ilé ìdáná rẹ̀ ya lulẹ̀, omi sì bo ibẹ̀; wọ́n tì í. Gbogbo ẹni tó mọ ìtàn Kahiki ló mọ ohun tó lè tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á sọ́wọ́ tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Nígbà tí mo parí, ọ̀dọ́bìnrin kan nàwọ́ sókè, ó bèèrè pé, "Sà, tí mo bá dé Amẹ́ríkà, tí n kò sì lówó àjọ̀dún ńkọ́?" Mo ní kó lọ sí Sunset Boulevard ní Los Angeles, kó wá ilé ọtí Tiki-Ti. Ray Buhen ló ṣí i ní 1961, lẹ́yìn tó ti po ọtí fún àwọn ẹlòmíì láti ìgbà Donn Beach. Yàrá kékeré kan ni, àga ibẹ̀ kò pọ̀, kó tètè dé. Ìdílé Buhen ló ṣì ni ín.