Tí Kọ̀ǹpútà Bá Ti Ní Ohùn, Kí Lẹ Tún Ń Wá Lára Kíbọ́ọ̀dù?

Ẹ gbọ́ èyí ná.

Ohùn pianó tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yẹn, kì í ṣe inú kíbọ́ọ̀dù tó wà níwájú mi yìí ló ti jáde o. Mo ti yí fólúùmù ẹ̀ walẹ̀ pátápátá. Inú láptọ́ọ̀pù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Iṣẹ́ kíbọ́ọ̀dù ò ju pé kó máa ròyìn lọ: wọ́n ti tẹ kíì báyìí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó rèé, wọ́n ti gbọ́wọ́ kúrò. MIDI ni wọ́n ń pe èdè tó fi ń ròyìn, ó sì ti wà nígboro láti ọdún 1983.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni: "Ohùn mélòó ló wà nínú ẹ̀?" Wọ́n ti rí i lára páálí, ohùn 600. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ gbé e lọ, tẹ́ ẹ fẹ́ fi máa gbe orin lẹ́sẹ̀ fún àwọn akọrin, ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà pianó lẹ fẹ́ fi lò, bíi Pianoteq, tàbí Salamander tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ohùn 600 yẹn ò ní dá yín lóhùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kíì lẹ ń sanwó fún. Kíì àti pẹ́dà, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn lè máa fà lọ.

Ẹ wo kíì báyìí. Pianó gidi ní 88, funfun 52, dúdú 36. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré kan á dìde nínú lọ́hùn-ún, á lu okùn irin. Ìwúwo òòlù yẹn ni ìka pianísì máa ń gbára lé kó tó lè tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kíì 61 tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ńkọ́? Sípíríìngì ló ń tì í padà. Ó fúyẹ́ bíi bọ́tìnnì rìmóòtù.

Ṣé ìyẹn wá burú? Ẹ wo ojú láptọ́ọ̀pù mi. MIDI máa ń fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti 1 dé 127. Mo fẹ́ tẹ kíì kan náà lórí kíbọ́ọ̀dù tó fúyẹ́ yìí, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin. 31. 52. 24. 60. Ẹ rí i bó ṣe ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́? Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí èyí tó ní òòlù, ìka kan náà, ọwọ́ kan náà. 30. 33. 29. 32. Wọ́n gba ohùn Salamander lára pianó Yamaha C5, ìpele 16 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gbà, láti orí èyí tó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ dórí èyí tó ń bú ramúramù. Kíì tí kò bá dúró lójú kan, á kàn máa ti ipele kan bọ́ sí òmíì ni, ẹni tó ń gbọ́ á sì rò pé ọwọ́ yín ni kò mọ́.

Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: kíbọ́ọ̀dù kì í wọn agbára ìka. Àkókò ló ń wọ̀n. Sénsọ̀ méjì, ohun kékeré tó ń mọ̀ pé kíì ti kan òun, ló wà lábẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan. Kíì á kan ti àkọ́kọ́, á wá kan ìkejì, bí àárín wọn bá ṣe kúrú tó ni ohùn á ṣe le tó. Àwọn kan ní sénsọ̀ kẹta, irú Roland FP-30X, èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ lè tún kíì tẹ̀ kó tó gòkè tán. Orin ìjọ́sìn tó ń lọ jẹ́jẹ́ ò nílò ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ń tẹ pianó bí ẹni ń lu ìlù, tí ohùn kan náà ń tún ara ẹ̀ sọ wàrà-wàrà, irú èyí tí olóògbé Akin Euba, ọmọ Nàìjíríà tó máa ń kọ orin sílẹ̀ fún pianó, ń lépa nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa pianó ilẹ̀ Áfíríkà, á mọ iṣẹ́ tí sénsọ̀ kẹta ń ṣe.

Pẹ́dà wá ńkọ́? Èyí pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú páálí, títàn àti pípa nìkan ló mọ̀, bíi súìṣì iná. Pẹ́dà tó dáa máa ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yín dúró sí, láti 0 dé 127, sọ́fítíwíà á sì gbọ́ ìlàjì àti ìdá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ lè fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá sì ra pẹ́dà ilé iṣẹ́ kan fún kíbọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ míì, ó lè máa ṣiṣẹ́ sódì: ẹ gbẹ́sẹ̀, ohùn ń fà lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́, ohùn gé. Kò bàjẹ́. Àwọn kan ní súìṣì kékeré nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi yí i.

Ó yá, tòkúnbọ̀. Ọ̀pọ̀ wa, ibẹ̀ la máa rà á, èmi náà ńkọ́. Yamaha P-45 yìí, mo dán an wò níbi tí wọ́n ti ń tà á, àárín nìkan ni mo tẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ le, inú mi dùn, mo sanwó. Nígbà tí mo délé, kíì kan lọ́wọ́ òsì ń pariwo. Bó ti wù kí n rọra tẹ̀ ẹ́ tó, 127 ni. Mo tú u. Rọ́bà gígùn kan ló wà lábẹ́ àwọn kíì, pẹ̀lú ojú dúdú róbótó-róbótó, eruku ti wọ ibẹ̀. Òwú àti sípírítì díẹ̀ ló yanjú ẹ̀, àmọ́ odindi ọjọ́ Sátidé kan ló gbà. Nítorí náà, kíì 88 ni kẹ́ ẹ tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Títẹ̀ líle máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á máa kùn, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ Pianoteq tí wọ́n ń fún èèyàn láti tọ́ wò lẹ fi ń dán an wò, ẹ rántí pé wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ pa ohùn àwọn kíì dúdú kan níbẹ̀, lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú ó sì máa dákẹ́. Ẹ má lọ bá oníṣòwò jà lórí ìyẹn.

Ẹ ka ìdí ádápítọ̀ náà. Tí wọ́n bá kọ 100-240V síbẹ̀, ó ti parí. Tó bá jẹ́ 120 nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá, iná tiwa tó jẹ́ 230 máa jó o. Ẹ wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù náà fún ihò USB onígun mẹ́rin, wáyà tẹ́ ẹ fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá so ó tán, tí ohùn bá ń pẹ́ kó tó dún, ẹ má tíì bú kíbọ́ọ̀dù. Lórí Windows, ẹ fi ASIO4ALL sí i, sọ́fítíwíà kan tó ń dín ìdádúró ohùn kù, kẹ́ ẹ gbé buffer, ìyẹn ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde, wá sí 128. Ẹ yọ ẹ́yáfóònù Bluetooth sọnù, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá, èyí tó ní wáyà ni kẹ́ ẹ lò.

Ó ku ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣe é. Sọ́fítíwíà ní ibì kan tẹ́ ẹ ti lè kọ́ ọ ní bí ọwọ́ yín ṣe rí, velocity curve ni wọ́n ń pè é. Tó bá ń béèrè agbára jù kó tó dún sókè, ẹ fa ìlà yẹn gòkè díẹ̀. Mo fẹ́ tẹ ìlà orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ rèé, kí n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí.