Ẹja Jónà àti Ìyàwó Méjì Ìkògòsì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Tàbí ẹ kú àárọ̀, mi ò mọ ibi tí ẹ ti ń gbọ́ mi. Àrámọ̀kọ́-Èkìtì ni mo wà lónìí, nínú yàrá tí mo ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fi aṣọ ìbora bo orí àti fóònù. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lábẹ́ ohùn mi yẹn, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni. Ẹ bá mi fara dà á. Ní Calgary, ní Kánádà tí mò ń gbé, òtútù ni à ń bá jà, kì í ṣe ariwo.

Èmi àti ọmọ mi la jọ wá kí Màámi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Lálẹ́ àná, nígbà àdúrà, Màámi ní kó ka Bíbélì. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, àmọ́ ó kà á: ìwé Jónà, orí kìíní. Ó dé ibi tí ẹja ńlá ti gbé Jónà mì, ó dákẹ́, ó gbójú sókè.

"Màmá àgbà, báwo ló ṣe ń mí nínú ẹja?"

Màámi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọkọ mi, Ẹni tó rán ẹja ló rán èémí. Máa kà á lọ."

Ó kà á lọ. Èmi ni oorun kọ̀ fún. Mo ti béèrè irú ìbéèrè yẹn rí nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo ní bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹrin ni Ọlọ́run dá oòrùn, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá? Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìsìn parí, mo ṣì wà lórí eékún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé pípa ẹnu mọ́ ni wọ́n ń pè ní ìgbàgbọ́, ó sì pẹ́ kí n tó bọ́ nínú rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Origen, olùkọ́ ńlá nínú ìjọ Alẹkisáńdíríà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, ti béèrè ohun kan náà gan-an. Ó ní ta ni olóye tó máa gbà pé àárọ̀ àti alẹ́ wà láìsí oòrùn, láìsí òṣùpá? Ó ní ta ló gọ̀ débi pé á rò pé Ọlọ́run gbin ọgbà bí àgbẹ̀? (Lóòótọ́, ìjọ padà dẹ́bi fún un lórí àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn tó ti kú. Ó kéré tán, wọn ò ní kó kúnlẹ̀.)

Láàárọ̀ yìí mo jókòó ti ìwé Jónà. Orí 4, ẹsẹ 48. Mo ka iye ẹsẹ tí ẹja ti jẹyọ: 3 péré! Kí wá ni gbogbo ìyókù ń sọ? Ọlọ́run rán ọkùnrin kan sí Nínéfè, ìlú àwọn ará Ásíríà, ọ̀tá ilẹ̀ rẹ̀. Ó sá. Ẹ sì wo orí 4, òun fúnra rẹ̀ sọ ìdí tó fi sá: ó mọ̀ pé aláàánú ni Ọlọ́run, ó mọ̀ pé ó máa dárí jì wọ́n. Ohun tí kò fẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Ká ní 1880 ni. Ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́, Èkìtìparapọ̀ kọjú sí Ìbàdàn, bí àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú wa ṣe fi ojú àwọn baba ńlá wa rí màbo kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run wá jí ará Òkè-Ìmẹ̀sí kan lóru, ó ní, "Dìde, lọ wàásù n'Íbàdàn, kí n lè dárí jì wọ́n." Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yẹn kò ní dé Ìbàdàn. Ọ̀nà Àkókó ló máa forí lé.

Odindi Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀, parí ní 1884. Ní 1886 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun yẹn. Bí ọmọ Èkìtì kan bá rí Jónà kà láàárín ọdún méjì náà, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ẹja ló máa gbà á lọ́kàn. Ìparí ìwé náà ló máa gún un lára, níbi tí Ọlọ́run ti ń béèrè pé ṣé kí òun má káàánú ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 120,000 lọ, tí wọn ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àti ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn. Jónà kò fèsì. Ìbéèrè yẹn ni ìwé náà dúró lé.

Àwa tí Bíbélì èdè wa pe àwọn ìtàn tí Jésù pa ní òwe! Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àbí? Àwa wá jókòó ti ẹṣin, à ń ka irun ìrù rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá Màámi níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, pé bí òwe ló yẹ ká máa ka ìtàn Jónà. Mo tún fi Pọ́ọ̀lù kún un, pé nínú Gálátíà, ó ní Hágárì àti Sárà dúró fún májẹ̀mú méjì. Ó jẹ́ kí n rojọ́ tán.

"O ti parí? Àjíǹde ńkọ́? Òwe nìyẹn náà? Ìyá mi wà ní Ẹ̀fọ̀n lọ́dún 1930 nígbà tí wòlíì Babalọlá tó ń fi àdúrà wo aláìsàn dé. Ṣé òwe ló wò ó sàn?"

Mo dákẹ́. Pọ́ọ̀lù kan náà ló kọ ọ́ sí 1 Kọ́ríńtì 15 pé bí Kristi kò bá jíǹde, asán ni ìwàásù wa. Ó mọ èyí tó ń fi ṣe òwe, ó mọ èyí tó lè torí rẹ̀ kú. Ibi tí Pọ́ọ̀lù dúró sí ni mo fẹ́ dúró sí. Àmọ́ ibi tí ààlà yẹn gbà kọjá, Màámi, mo ṣì ń fi ọwọ́ wá a.

Lọ́sàn-án, a lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Màámi pa ìtàn rẹ̀ fún ọmọ mi: ọdẹ kan, ìyàwó méjì, ìjà òun asọ̀, wọ́n di omi. Èmi náà ṣàlàyé tèmi, pé omi òjò ló wọlẹ̀ lọ jìnnà, tí ooru abẹ́ ilẹ̀ mú un gbóná, tó wá gba ojú sísán àpáta jáde. Ọmọ náà gbọ́ tiwa méjèèjì, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó sì bi màmá rẹ̀ àgbà léèrè:

"Èwo ni ìyáàlé nínú wọn?"

"Èyí tó gbóná ni, ọkọ mi."

Mo súnmọ́ Màámi. "Màámi, ẹ gbà pé òótọ́ ni?"

Ó wò mí bíi pé Kánádà ti bà mí lórí jẹ́. "Ìwọ náà! Ṣé ènìyàn a máa di omi ni?"

Ó wá bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká ìró sókè, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú ìyáàlé, ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ inú ìyàwó.