Oògùn Tí À Ń Fín sí Ilá: Kòkòrò Wo Là Ń Bá Jà?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù ni pé, "Ewé ilá mi ti ń ká jọ, oògùn wo ni kí n fín sí i?" Èsì mi kì í dùn létí: kò sí. Fáírọ́ọ̀sì, ohun tín-ín-tín tó ń fa àrùn tí ojú lásán kò lè rí, ló wà nídìí ẹ̀, ilá tó bá sì ti wọ̀, kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Kòkòrò tó ń gbé àrùn náà kiri nìkan ni oògùn inú páǹpù lè pa. Méjì sì làwọn kòkòrò ọ̀hún, ìwà wọn ò jọra.

Ọ̀kan ni kòkòrò kékeré ẹlẹ́yìn líle tó ń dán, tó máa ń ta pọ́n-ún bí ẹ bá fọwọ́ kan ewé. Podagrica ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun ló ń jẹ ewé ilá títí ewé á fi rí bí asẹ́, àtìgbà tí ilá bá sì ti yọrí nílẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tó ti ń jẹ ẹ́ ló ti ń kó àrùn mòsáíìkì ràn án, tí ewé á fi ní àwọ̀ ewé níhìn-ín, tí á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́hùn-ún. Ní Côte d'Ivoire ni wọ́n ti ṣàpèjúwe fáírọ́ọ̀sì yìí ní 1973. Ó wà ní Nàìjíríà náà.

Èkejì ni eṣinṣin funfun, Bemisia tabaci, tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ẹ gbọn ewé ilá wò láàárọ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á tún sá sábẹ́ ewé mìíràn. Òun náà ló ń gbé àrùn ewé gbágùúdá kiri. Omi ara ewé ló ń fà mu, bó bá sì ti fa fáírọ́ọ̀sì tó ń ká ewé ilá jọ mu, ó lè máa gbé e kiri títí yóò fi kú.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Cypermethrin àti lambda-cyhalothrin tí gbogbo wa ń rà lọ́jà ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún kòkòrò àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n orí ewé ni oògùn ń bọ́ sí, abẹ́ ewé sì ni eṣinṣin funfun ń gbé, ibẹ̀ ló ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ làwọn ọmọ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Oògùn yìí tún ń pa aláǹtakùn àtàwọn kòkòrò tó ń jẹ eṣinṣin náà. Lọ́pọ̀ ibi lágbàáyé pàápàá, irú oògùn yìí ò ran eṣinṣin náà mọ́. Ẹ ó wá rí àgbẹ̀ tó ń fín oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ihò ara ewé dín kù, ewé tó ń ká jọ ń pọ̀ sí i. Yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ìdérí méjì á wá di mẹ́rin. Lóòótọ́ ayédèrú pọ̀ lọ́jà, àmọ́ kì í ṣe òun ló fa eléyìí.

Oṣù àkọ́kọ́ ni ogun wà. Ilá tí àrùn mú ní kékeré kì í so nǹkan gidi. Èyí tó ti ń so kí àrùn tó dé kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí ilá bá ti yọ ewé méjì ni kí ẹ ti máa yí ewé wò lábẹ́. Bí ẹ ò bá rí kòkòrò, ẹ má fín nǹkan kan. Bí ẹ bá rí eṣinṣin, ẹ kọ ẹnu páǹpù sókè láti ìsàlẹ̀. Omi èso dóńgóyárò tí a gún máa ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, bó bá dé abẹ́ ewé. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oògùn, ẹ wo orúkọ èròjà tí wọ́n kọ sára ìgò, torí ìgò méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè jẹ́ oògùn kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fín in. Àárọ̀ ni òdòdó ilá ń là, oyin sì máa ń wà níbẹ̀.

Bí ilá bá ti ń so ńkọ́? Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta là ń ká a. Bí ara ìgò bá ní kí ẹ dúró ọjọ́ méje kí ẹ tó ká a, ta ló máa fi ilá sílẹ̀ lọ́jọ́ méje? Yóò ti gbó kọjá ọbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ gbé páǹpù sílẹ̀ tí ìkórè bá ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí àrùn bá mú ní kékeré, ẹ fà á tu kíá. Ilá ọdún tó kọjá tó ṣì dúró létí oko, tẹ́ ẹ̀ ń dá sí nítorí ọbẹ̀ ilé, ẹ hú u kúrò kí ẹ tó gbin tuntun. Inú rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń dúró de tuntun.