Àwòrán CT Ọkàn: Ẹ Má Jẹ Obì Lálẹ́ Ọjọ́ Tó Ṣáájú

Ẹ káàbọ̀ o. Ká ní ẹ ru ẹrù ní Ọjà Ọba, níbí l'Òṣogbo, àyà yín sì fún pọ̀, tẹ́ ẹ dúró díẹ̀ tó sì lọ. Dókítà lè ní kẹ́ ẹ lọ ya àwòrán CT ọkàn, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ X-ray tó ń yí po máa ń yà. (Bí ìrora náà kò bá lọ, ẹ má dúró de àwòrán kankan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.)

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, bóyá ọ̀rá ti dí i. Kò fẹ̀ ju mìlímítà bíi 2 sí 4 lọ, ọkàn tó gbé e kò sì dúró sójú kan. Fọ́tò ọmọ tó ń sáré máa ń rí bàìbàì; bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán ọkàn tó ń sáré. Wọ́n fẹ́ kó máa lù ní bíi 60 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, fún wákàtí 12 ṣáájú àwòrán, kò sí kọfí, kò sí tíì, kò sí obì, torí kaféènì inú wọn lè mú kí ọkàn sáré. Obì gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ yà á, ẹ tètè gbéra, kẹ́ ẹ má bàa sáré wọlé. Wọ́n lè fún yín ní metoprolol, oògùn tó ń dẹ ìlù ọkàn, ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí oògùn yìí lè mú kí mímí ṣòro fún un. Bí kíndìnrín yín bá ní àìsàn, ẹ sọ ìyẹn náà, nítorí oògùn tí wọ́n máa fún yín kí iṣan lè hàn nínú àwòrán.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má tijú. Wọ́n máa ń fi nitroglycerin sábẹ́ ahọ́n kí iṣan lè fẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti lo sildenafil (Viagra), tàbí àgbo "agbára ọkùnrin" tẹ́ ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹ sọ fún wọn, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ lò ó.

Oògùn àwòrán náà máa ń gba ìgúnpá wọlé ní nǹkan bíi mílílítà 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ara á gbóná, á sì dà bíi pé ẹ tọ̀ sára, kò séwu. Àmọ́ bí apá bá ń wú tó ń ta yín, ẹ pariwo: oògùn ti ń jò sínú ẹran nìyẹn. Ẹ di èémí mú fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10, láìfi agbára fà á.

Bí èsì bá ní iye kálísíọ́mù, èròjà líle tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, jẹ́ 0, ewu kéré, àmọ́ ọ̀rá rírọ̀ ṣì lè wà níbẹ̀. Bó bá lé ní 400, bí kálísíọ́mù náà ṣe ń tàn yòò nínú àwòrán lè mú kí iṣan dà bíi pé ó há ju bó ṣe há lọ. Ẹ gba àwòrán náà sínú CD, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Dókítà ọkàn á fẹ́ fojú ara rẹ̀ wò ó.