Ọ̀dà ọkọ̀ yín ti ṣá? Ẹ kọ́kọ́ da omi sí i

Ẹ ńlẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ìlọrin ni mo wà, ní àgbàlá ilé mi, iwájú Corolla tòkúnbọ̀ mi ni mo sì dúró sí yìí. Ẹ wo bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa. Búlúù tó dúdú bí aró ni nígbà tí mo rà á. Ní báyìí, ó ti ṣá bí àdìrẹ tí wọ́n ń sá sóòrùn lójoojúmọ́.

Ẹ má tíì sáré lọ ra nǹkan kan. Omi inú abọ́ yìí nìkan la máa kọ́kọ́ lò. Mo dà á síbi tó ṣá jù. Ẹ rí i? Aró wa ti padà! Ìyẹn ni pé àwọ̀ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Ojú òkè ló ti gbó tó sì rí ṣákiṣàki, kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dán lára rẹ̀. Nígbà tí omi dí àwọn ihò tíntìntín ibẹ̀, ojú rẹ̀ tẹ́. Kí ojú yẹn tẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí omi lórí rẹ̀, òun ni gbogbo iṣẹ́ wa lónìí.

Ẹ bá mi wo orí òrùlé ọkọ̀ náà. Mo da omi síbẹ̀, àmọ́ funfun rẹ̀ ò lọ, etí rẹ̀ sì ń ṣí bí awọ tó ń bó. Kò sí pọ́líìṣì tó lè tún èyí ṣe. Ohun tó mọ́ gaara lókè àwọ̀ ni àwọn pẹ́ńtà wa ń pè ní kílíà. Bí kílíà bá ti ṣí, àfi kí wọ́n ha á, kí wọ́n sì tún un kùn. Ẹni tó bá ní òun ní kírìmù tó máa dá a padà, ẹ má fún un lówó yín.

Ọ̀rọ̀ kílíà yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yé. Púráímà ló wà lórí irin, àwọ̀ wà lórí púráímà, kílíà ló wá bo gbogbo rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò nípọn ju nǹkan bí 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù lọ. Fọ́nrán irun orí kan sábà máa ń nípọn jù ú lọ! Kírìmù tí a fẹ́ lò, ohun kan tó dà bí iyanrìn kíkúnná ló wà nínú rẹ̀. Kì í fi ọ̀dà kún ọ̀dà, ó ń ha á ni. Èyí tí a bá sì ha kúrò kò ní padà mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú iṣẹ́ yìí, etí ilẹ̀kùn ni mo ń tẹ̀ mọ́ títí púráímà fi yọ sí mi lójú. Ó dùn mí gan-an. Etí àti ibi tí irin bá ti ṣẹ́po ni kílíà ti fẹ́lẹ́ jù, torí náà ni mo ṣe ń lẹ pépà tépù mọ́ gbogbo wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jí ṣe é. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ibòji, kí oòrùn tó mú. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá gbóná sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀, torí kírìmù máa gbẹ mọ́ ọn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ fi fọ ọkọ̀: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tí ẹ ó máa fi ṣan kànìnkànìn. Ọṣẹ ìfọkọ̀ ni o. Ọṣẹ tí a fi ń fọ aṣọ máa ń bó gbogbo wáàsì tó ń dáàbò bo ọ̀dà. Ní ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò. Iyanrìn lẹ ń fi ha ọkọ̀ yín yẹn.

Bó bá gbẹ tán, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, kí ẹ fi pa á lára. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́, ìdọ̀tí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Amọ̀ kan wà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ìyá wa ní Dada, níbí ní Ìlọrin, fi ń mọ ìkòkò. Ẹ rin ibẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, kí ẹ máa fi amọ̀ náà yọ̀ lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Pọ́líìṣì tó kúnná ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, níbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ níbùú lóròó lọ. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà mẹ́rin tó. Ẹ fi fóòmù pa á lọ, kí ẹ tún pa á bọ̀ ní ìdábùú, kí ẹ nù ún, kí ẹ wá wò ó. Bí kò bá tó ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lo rọ́bìn-kọ́ńpáùńdì, ìyẹn kírìmù tó ń ha ju pọ́líìṣì lọ, kí ẹ sì fi pọ́líìṣì tẹ̀ lé e. Ọwọ́ nìkan tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń yí bírí bíi ti àwọn wẹ́dà lè jó ọ̀dà ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Bí aṣọ funfun tí ẹ fi ń nù ún bá gba àwọ̀ ọkọ̀, ẹ má jáyà, àmọ́ ẹ rọra. Bóyá ọkọ̀ náà kò ní kílíà, tàbí kílíà ibẹ̀ ti tán, àwọ̀ gan-an lẹ ń ha. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni kò ní kílíà. Peugeot 504 bàámi báyìí, funfun ni ọkọ̀ náà, torí náà àwọ̀ rẹ̀ kò hàn lára àkísà funfun. Àkísà dúdú ló jẹ́ kí n mọ̀.

Àwọn kan máa ń fi dísù tàbí kẹrosíìnì pa ọkọ̀ lára. Ó máa ń dán fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà eruku á lẹ̀ mọ́ ọn pátá. Wáàsì ni kí ẹ fi parí rẹ̀: ẹ fi pa á fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣú, kí ẹ sì nù ún. Èmi máa ń tún un fi ní oṣù méjì-méjì, torí ìta gbangba ni ọkọ̀ mi ń sùn.

Ó yá, tépù tí mo fi pín bọ́nẹ́ẹ̀tì sí méjì láàárọ̀ ni mò ń yọ yìí. Apá ọ̀tún, mi ò fọwọ́ kàn án. Apá òsì, ojú mi ni mò ń rí nínú rẹ̀ yìí. Òrùlé ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ló ń lọ.